Ọ̀kẹ́rẹ́ Inú Ímeèlì Wa, Èmi Kọ́ Ni Mo Yà Á

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi tán kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí nínú bí ikán ṣe ń jẹ igi àjà. Ó lé ní ọdún méjì báyìí. Mi ò sọ fún pásítọ̀ mi. Mi ò sọ fún ìyàwó mi títí di oṣù tó kọjá. Mo rò pé yóò kú sí mi nínú. Kò kú.

Ohun tó mú mi sọ̀rọ̀ ni pé ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, wọ́n gbé ìwé kan sórí tábìlì mi níbi iṣẹ́ pé kí n buwọ́ lù ú. Irọ́ tí mo ti buwọ́ lù nígbà kan rí ni wọ́n fẹ́ kí n tún buwọ́ lù. Mo wo ìwé náà, mo tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kì í ṣe ẹ̀rù. Ìbínú ni. Inú ń bí mi sí ọ̀gá mi. Inú ń bí mi sí àwọn tó ń fi máàkì sí ohun tí wọn ò mọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí inú ń bí mi sí jù lọ ni ẹni tí mò ń rí nínú dígí láràárọ̀.

Ọmọ Festac ni mí. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ṣì ń gbé. Bàbá mi ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ilé tí ìjọba fún wọn ni a dàgbà sí. Ilé tó tẹ̀lé tiwa ni ti Dádì Bùsọ́lá àti Mọ́mì Bùsọ́lá. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Bùsọ́lá, tó wà ní Kánádà báyìí. Dádì Bùsọ́lá àti bàbá mi jọ wà ní iléeṣẹ́ ìjọba kan náà. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa fi rúlà àti pẹ́ńsù ya àwòrán ilé àti afárá sórí bébà gígùn.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí ìyá mi kú. Láti ọjọ́ tí a sin wọ́n, Mọ́mì Bùsọ́lá ló ń bọ́ mi. Abọ́ mi wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù wọn, ó dá dúró, ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ fi jẹun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Kì í ṣe àjèjì ni mo ṣẹ̀.

Nígbà tí Dádì Bùsọ́lá fẹ̀yìn tì, Mọ́mì bẹ̀rẹ̀ sí í yan ẹ̀pà, wọ́n sì ń dín kókóró, wọ́n ń dì í sínú ọ̀rá, wọ́n ń gbé e fún àwọn ṣọ́ọ̀bù ní Festac àti ní Agboju. Ẹ̀pà wọn dùn, ṣùgbọ́n ẹ̀pà pọ̀ nílùú. Dádì bá ní àwọn máa ya àmì kan fún un, kí àwọn èèyàn lè máa dá a mọ̀.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ni wọ́n yà. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ méjì, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀pà kan mú, ó sì yí orí wẹ̀yìn bí ẹni tó ń wò ó bóyá ẹnì kan ń bọ̀ wá gbà á. Dádì ní Mọ́mì gan-an nìyẹn, pé obìnrin náà ò lè jẹ nǹkan kó má bojú wẹ̀yìn. Ìrù rẹ̀ ká bíi nọ́ńbà mẹ́fà, nítorí nọ́ńbà mẹ́fà ni ilé wọn. Wọ́n lọ tẹ̀ ẹ́ jáde ní sítíkà, wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀rá kọ̀ọ̀kan.

Kò ju ọdún mẹ́ta lọ lẹ́yìn ìyẹn tí Dádì fi kú. Láti ìgbà náà, Mọ́mì ò pe sítíkà yẹn ní sítíkà mọ́. "Dádì yín" ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á ní, "Bá mi mú Dádì yín wá látinú dúrọ́ọ̀, kí n lẹ̀ wọ́n mọ́ ẹ̀pà." A máa ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Mò ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan ní Amuwo-Odofin. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Oúnjẹ tútù ni a ń gbé lọ sílé àwọn èèyàn. Ẹ máa fi fóònù béèrè ìrẹsì, ẹ̀wà, òróró, àwa á gbé e dé ẹnu ọ̀nà yín. Èmi ni mò ń kọ ímeèlì sí àwọn oníbàárà.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn gbájú-ẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ wa kọ ímeèlì. Wọ́n ní kí àwọn oníbàárà tẹ nọ́ńbà káàdì báǹkì wọn, kí ẹrù wọn má bàa pẹ́. Àwọn kan tẹ̀ ẹ́, owó wọn sì lọ. Ọ̀kan lára wọn ni bàbá àgbà kan tó ń gbé ní Alákijà. Bàbá náà wá sí ọ́fíìsì wa fúnra wọn. Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, "Orúkọ yín ni mo rí níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà á gbọ́."

Ọ̀gá wa obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màdáámù, pe ìpàdé. Ẹ máa gbọ́ tí mò ń pè é ní "ó". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mo mọ̀ pé ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Ọ̀wọ̀ tí mo ní fún un ló tán.

Ṣẹ́gun, tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà wa, ló mú àbá wá. Ó ní kí olúkúlùkù ṣí àpótí ímeèlì rẹ̀ lórí fóònù. Ó ní kí a wo ibi róbótó kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹni tó kọ̀wé. Níwájú tiwa, lẹ́tà kan lásán ló wà níbẹ̀. Níwájú ti àwọn iléeṣẹ́ ńlá, àmì wọn ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú máàkì búlúù kékeré kan tó ń sọ fún oníbàárà pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn gan-an ni, kì í ṣe olè.

Ó ní àwa náà lè ṣe é. Òun máa ti ilẹ̀kùn ímeèlì wa pa, débi pé bí ẹlòmíràn bá fi orúkọ wa kọ̀wé, kò ní wọlé sọ́dọ̀ oníbàárà. Ṣùgbọ́n àmì wa gbọ́dọ̀ jẹ́ tiwa lábẹ́ òfin, kí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí ìwé ẹ̀rí wà. Lẹ́yìn náà, àwọn kan lókè òkun á yẹ gbogbo rẹ̀ wò, wọn á fún wa ní ìwé àṣẹ tí a ó máa tún ṣe lọ́dọọdún.

Ohun dáadáa ni. Mo ṣì ń sọ ọ́ títí dòní pé ohun dáadáa ni. Ìdí tó fi ń dùn mí wọ egungun nìyẹn. Ohun tí wọ́n ṣe láti fi lé olè ni mo fi jalè.

Lọ́yà wa lọ wo àmì tí à ń lò tẹ́lẹ̀, ìyẹn apẹ̀rẹ̀ kan tí tòmátò kún inú rẹ̀. Ó ní kò ṣeé forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti kó o, àìmọye èèyàn ló ń lò ó. Màdáámù yíjú sí mi, ó ní, "Ìwọ lò ń pe ara rẹ ní ẹni tó mọ àwòrán yà. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fún ẹ. Bí o bá gbé èyí tó wù mí wá, ìwọ ni màá fi ṣe olórí ẹ̀ka tó ń bójú tó ímeèlì àti àmì wa."

Mo ya ọkọ̀. Mo ya ìkòkò. Mo ya obìnrin tó ru igbá. Ó wo gbogbo wọn, ó fọwọ́ tì wọ́n. Ó ní wọ́n jọ ti gbogbo ayé.

Ní ọjọ́ Sátidé, Mọ́mì Bùsọ́lá fún mi ní ọ̀rá kókóró kan bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, mo jókòó sí pálọ̀, mo fẹ́ já ọ̀rá náà. Ojú mi bá ọ̀kẹ́rẹ́ náà pàdé.

Mi ò lè sọ pé Èṣù ló tì mí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi Èṣù tàn yín jẹ. Ọ̀sán gangan ni. Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà lọ́rùn mi. Mo rọra ṣí sítíkà náà, mo gbé e mọ́ gíláàsì fèrèsé, mo fi bébà funfun lé e, kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn lè là á kọjá. Mo sì fi pẹ́ńsù tọ ipa ọwọ́ Dádì Bùsọ́lá láti orí dé ìrù. Ẹ̀pà ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni mo yọ, mo fi àpò kékeré sí i.

Nígbà tí Màdáámù rí i ní ọjọ́ Ajé, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Ta ló yà á?"

Mo ní, "Èmi ni, Ma."

Ọ̀rọ̀ méjì péré. Wọ́n ti jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Lọ́yà ní kí n ṣe ìwé ìbúra. Mo lọ sí kóòtù, mo búra pé èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ya àwòrán náà, pé ọpọlọ mi ló ti wá. Wọ́n ní kí n ṣàlàyé ohun tó túmọ̀ sí. Mo kọ ọ́ pé ọ̀kẹ́rẹ́ dúró fún ìkánjú, àti pé ìrù rẹ̀ ká bíi táyà ọkọ̀, nítorí pé a kì í pẹ́ kí a tó gbé ẹrù dé. Táyà! Nọ́ńbà ilé tí wọ́n ti bọ́ mi yó, mo pè é ní táyà.

Wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nílé àti lókè òkun. Ó pẹ́ díẹ̀, ó sì ṣẹ. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ ní àwọn fẹ́ fojú rí ẹnì kan nínú iléeṣẹ́ wa lórí fídíò. Èmi ni Màdáámù yàn. Mo jókòó níwájú kọ̀ǹpútà. Obìnrin kan bá mi sọ̀rọ̀ tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀. Ó ní kí n gbé káàdì ìdánimọ̀ mi sókè. Ó ní kí n yí ojú sọ́tùn-ún, kí n yí i sósì. Ó wo ìwé ẹ̀rí, ó wo ojú mi, ó ní ó ti tán.

Ẹ gbọ́ o. Ó bi mí bóyá èmi ni èmi. Kò bi mí lẹ́ẹ̀kan péré bóyá ọ̀kẹ́rẹ́ yẹn jẹ́ tiwa. Ìwé tí mo fi irọ́ gbà nílé ni wọ́n gbé síwájú, wọ́n sì fi máàkì búlúù lé e lórí. Báwo ni irọ́ ṣe ń di òótọ́ nítorí pé ó gba ọwọ́ ẹni mẹ́ta kọjá?

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ yọ nínú àpótí ímeèlì, gbogbo ọ́fíìsì pàtẹ́wọ́. Gbogbo wa gbé fóònù sókè. Ọ̀kẹ́rẹ́ náà wà níbẹ̀, kékeré, ó mọ́ rekete, ó yí orí wẹ̀yìn. Wọ́n fi mí ṣe olórí ẹ̀ka. Àwọn gbájú-ẹ̀ ò rí wa gbé ṣe mọ́. Mo gbà bẹ́ẹ̀ nínú ara mi pé kò sẹ́ni tó fara pa.

Kò pé oṣù mẹ́ta tí oníbàárà kan kọ̀wé sí wa. Ó ní òun rí ẹ̀pà wa ní súpámákẹ́ẹ̀tì kan ní Festac, ṣé àwa náà ti ń ta ẹ̀pà ni? Màdáámù ní kí lọ́yà kọ̀wé sí ẹni tó ń ta ẹ̀pà náà, kó sì kọ̀wé sí súpámákẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀dà ìwé náà gba orí tábìlì mi kọjá. Mo rí orúkọ. Mo rí nọ́ńbà mẹ́fà. Mo gbé e sínú fáìlì.

Ní ọjọ́ Sátidé, Mọ́mì Bùsọ́lá kan ilẹ̀kùn mi. Ìwé náà wà lọ́wọ́ wọn.

Wọ́n ní, "Bá mi wo nǹkan yìí. Mo kà á, ṣùgbọ́n òyìnbó lọ́yà ni. Ó dà bíi pé wọ́n ń sọ pé mo jí Dádì yín."

Mo ṣe bí ẹni tó ń kà á. Wọ́n ní, "Ṣé kì í ṣe iléeṣẹ́ tí o wà nìyí?"

Mo ní, "Àwọn ni, Ma. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka míì ló ń ṣe irú èyí."

Ẹ ò rí mi bí? Èmi olórí ẹ̀ka.

Wọ́n bọ́ sílé, wọ́n padà wá pẹ̀lú bébà kan tí wọ́n fi aṣọ wé. Àwòrán tí Dádì fi ọwọ́ yà gan-an ni, bébà rẹ̀ ti pupa rúsúrúsú, orúkọ Dádì àti ọjọ́ tí wọ́n yà á wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní, "Ìwọ ni ọmọ mi tó wà níbẹ̀. Mú un lọ fi hàn wọ́n. Bí wọ́n bá rí i, wọ́n á mọ̀ pé àṣìṣe ni. Ẹni tó bá lójú á mọ̀."

Mo gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ṣí ojú ewé yìí kọjá báyìí. Mo gbà á, mo gbé e sí ìsàlẹ̀ aṣọ òtútù nínú wọ́dúróòbù mi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan mo lọ bá wọn, mo ní mo ti fi hàn wọ́n níbi iṣẹ́, wọn ò gbọ́, wọ́n sì ní àwọn máa fi pamọ́ sọ́dọ̀ lọ́yà. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká má bá wọn jà. Ìwé wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ kàn yọ àwòrán yẹn kúrò, kí ẹ̀pà ṣáà máa lọ."

Wọ́n ní, "Bí ìwọ bá sọ bẹ́ẹ̀."

Súpámákẹ́ẹ̀tì dá gbogbo ẹ̀pà náà padà, páálí lórí páálí. Mọ́mì ní kí n wá ran àwọn lọ́wọ́. A jókòó sí ìta ilé wọn, abọ́ omi gbígbóná kan wà láàárín wa. À ń ki ọ̀rá bọ inú omi, à ń ṣí sítíkà, à ń jù ú sínú báàfù. Mọ́mì ń fi èékánná bó o díẹ̀díẹ̀ kó má baà ya, bí ẹni ń bó èépá egbò lára ọmọ. Nígbà tí a ṣe é tán, wọ́n bu ẹ̀bá fún mi. Mo jẹ ẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀pà wọn di ẹ̀pà lásán. Àwọn tó ń béèrè "ẹ̀pà ọ̀kẹ́rẹ́" ò mọ ohun tí wọn yóò béèrè mọ́. Ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí. Irọ́ ni. Ìka tí kò ṣẹ̀ ni a gé.

Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú ni Mọ́mì ń bi mí pé, "Ṣé wọn ò tíì dá àwòrán Dádì yín padà?" Mo ń ní kò tíì yá, Ma.

Bí mo ṣe ń bá a lọ nìyẹn, títí di oṣù tó kọjá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo ṣí ímeèlì ọ́fíìsì. Bàbá àgbà Alákijà yẹn ló kọ̀wé. Wọ́n ní ọmọ wọn ti ṣàlàyé àmì náà fún wọn. Wọ́n kọ ọ́ pé, "Mo ti ń bẹ̀rù láti ra ọjà lọ́dọ̀ yín. Nígbà tí mo rí ọ̀kẹ́rẹ́ yín àti máàkì rẹ̀, ọkàn mi balẹ̀. Mo mọ̀ pé olóòótọ́ èèyàn ni yín."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo dìde, mo lọ bá Màdáámù nínú yàrá rẹ̀, mo tilẹ̀kùn, mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo ń retí kó pariwo, kó lé mi jáde.

Kò tiẹ̀ gbé ojú sókè lára fóònù rẹ̀. Ó ní, "Ṣé o rò pé ojú mi fọ́ ni? Mo ti ń ra ẹ̀pà yẹn kí o tó wá síbí."

Mo ní, "Ẹ mọ̀, Ma?"

Ó ní, "Ọjọ́ tí o gbé e wá ni mo ti mọ̀. Mo bi ẹ́, 'Ta ló yà á?' O ní ìwọ ni. Èmi ò búra. Ìwọ lo búra. Ìyá yẹn ò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó sùn. Ẹni tó bá jí ló ń jẹ. Níbo ni bébà ọ̀hún wà?"

Mo ní ó wà nílé mi.

Ó ní, "Gbé e wá lọ́la. Kó má baà di wàhálà."

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú bí mi lọ́jọ́ yẹn débi tí ojú mi ṣókùnkùn. Kì í ṣe pé ó mọ̀ nìkan ló dùn mí. Bó ṣe sọ ọ́ ni. "Ó sùn." Obìnrin tó ń dìde kí ilẹ̀ tó mọ́ láti yan ẹ̀pà! Mi ò gbé bébà náà fún un. Mo sọ fún un pé omi ti bà á jẹ́. Irọ́ kan ṣoṣo tí mi ò kábàámọ̀ rẹ̀ nìyẹn.

Mo sọ fún ìyàwó mi. Ó sunkún, ó ní kí n lọ bá Mọ́mì lójú ẹsẹ̀. Ní ọ̀sán Sátidé, mo gbé bébà náà lọ. Wọ́n tú aṣọ rẹ̀, wọ́n rí i, wọ́n pariwo ayọ̀. "Ha! Wọ́n dá a padà!" Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún mi pé bí mo ṣe gbèjà opó, Ọlọ́run yóò gbèjà ìyàwó mi.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ má ṣàdúrà fún mi." Mo sì jẹ́wọ́ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ojú mi wà nílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, ohùn wọn ò lọ sókè.

"Ìwọ lo jókòó tì mí lọ́jọ́ tí mò ń ṣí wọn kúrò lára ọ̀rá?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ma."

"O ń bá mi ṣí wọn."

Mo gbé orí sókè, mo rí i pé wọ́n ti fi ìka lé ìrù ọ̀kẹ́rẹ́ náà.

"Kí lo sọ fún wọn pé ìrù yẹn túmọ̀ sí?"

Mo ní, "Táyà, Ma."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mi ò gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ rí, Ọlọ́run má jẹ́ kí n tún gbọ́ ọ. Wọ́n ní, "Táyà." Wọ́n tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n wá ní, "Dìde nílẹ̀. Mi ò ní ṣépè fún ẹ, nítorí ìyá rẹ. Ṣùgbọ́n má bẹ̀ mí. Bó bá jẹ́ ẹ̀pà mi lo jí, ó ti tán. Ọkọ mi ti kú, kò lè dìde wá sọ pé òun ló yà á. Ohun tó kù fún un láyé nìyẹn, ìwọ sì lọ búra níwájú òfin pé kò ṣe é. Ibi tí o ti sọ pé ìwọ ni, ibẹ̀ ni kí o padà sí, kí o sọ pé òun ni. Títí ìgbà yẹn, má kan ilẹ̀kùn mi."

Mo jáde. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń wọ ilé yẹn, tí mò ń jáde.

Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá yìí ni wọ́n wá gbé ìwé náà sórí tábìlì mi, pé ọdún ti yípo, kí n buwọ́ lù ú pé àmì wa ṣì jẹ́ tiwa. Màdáámù kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé, "Kó tán kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí." Mi ò tíì buwọ́ lù ú. Ọ̀la ni ọ̀sẹ̀ parí.

Mo ti bá lọ́yà mìíràn sọ̀rọ̀. Ó ní bí mo bá padà lọ sí kóòtù pé irọ́ ni mo fi búra, ẹ̀sùn ni, ó sì ṣeé ṣe kí n lọ sẹ́wọ̀n. Ó ní ó sàn kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí n panu mọ́. Ìyàwó mi tó ní kí n lọ jẹ́wọ́ fún Mọ́mì ti ń sọ báyìí pé Mọ́mì ti gbọ́, Ọlọ́run ti gbọ́, kí ló kù? Ọmọ méjì ni a bí. Mi ò dá a lẹ́bi.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó. Bí mo bá panu mọ́, ọ̀kẹ́rẹ́ yẹn á máa yọ láràárọ̀ nínú àpótí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, pẹ̀lú máàkì tó ń jẹ́rìí pé a kì í ṣe olè. Bàbá Alákijà á máa rí i, ọkàn wọn á máa balẹ̀. Mọ́mì á sì máa ta ẹ̀pà tí kò lórúkọ. Ta ni kí n wá bi? Ẹ̀yin tí ẹ mọ òfin, ṣé ọ̀nà wà tí ọ̀kẹ́rẹ́ náà fi lè padà sílé kí èmi tó wọ ẹ̀wọ̀n? Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú èyí rí, báwo lẹ ṣe gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ wọ kóòtù? Mi ò tọrọ pé kí ẹ káàánú mi. Mo kàn fẹ́ kí ẹnì kan sọ fún mi kí ilẹ̀ tó mọ́ pé ohun tí mo fẹ́ ṣe kì í ṣe ìwà wèrè.

Wọ́n ní bí a bá ń kọ̀wé sí ojú ewé yìí, kí a má dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mi ò dárúkọ iléeṣẹ́ wa. Mi ò dárúkọ ara mi. Ṣùgbọ́n orúkọ kan wà tí mi ò ní fi sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni tó bá kà á ní Festac á mọ̀ mí lójú ẹsẹ̀. Kí wọ́n mọ̀ mí.

Ọ̀gbẹ́ni Sámúẹ́lì Àkànní Adégúnlẹ̀ ló ya ọ̀kẹ́rẹ́ náà. Ìyàwó wọn ni wọ́n yà á fún.